Mọ́tò Tí A Bọ́ Bàtà Fún

Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, pàápàá Múrí ẹ̀gbọ́n mi, tó ti sọ ìtàn yìí níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó títí ó fi wá dà bíi pé òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹsẹ̀ mi ni, bàtà mi ni, títì ọlọ́dà Tema ló sì jó mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Alajo ní Accra, ní Ghana, ni à ń gbé nígbà náà, nínú ilé alágbàlá kan tí ìdílé mẹ́ta pín. Ariwo epo ló máa ń jí mi. Kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà tán ní mọ́sálásí, Màmá mi ti gbé agbada kaná, àkàrà á sì ti máa pariwo nínú epo. Àwọn ará àdúgbò á tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú ike lọ́wọ́, wọ́n á ní kose làwọn fẹ́ rà. Màmá á ní, "Kose ni lẹ́nu yín o, àkàrà ni nínú agbada mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè é ní Alata tàbí Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á tún nawọ́ pé, "To so!", bí àwọn ará Ghana ṣe ń tọrọ èènì, Màmá á sì ju ẹyọ kan sí i. Lẹ́yìn epo ni ìgbálẹ̀ tèmi, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni korobá Múrí lẹ́nu táǹkì omi, lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò Awo Dede, ìyá Gà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tí pásítọ̀ á ti máa lọgun nínú rẹ̀ bíi pé adití ni gbogbo Accra. Mo ti gbé inú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì tíì sí èyí tó jí mi dáadáa.

Òfin kan wà nílé wa tó ju gbogbo òfin lọ: bàtà kì í wọ yàrá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ṣe é. Ó ta aṣọ ní ọjà Makola fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún rẹ̀ tó yarí, ojoojúmọ́ ló sì máa ń sọ ọ́ láti orí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò: "Ibi tí mo ń forí kanlẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi ẹrẹ̀ Alajo tẹ̀? Ẹ bọ́ ọ síta! Ibi tí èèyàn bá ti bọ́ bàtà ni ilé rẹ̀." Bí àlejò bá wọlé, bàtà ló máa kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú. Ẹnu ọ̀nà wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bàtà ńlá, bàtà kékeré, gbogbo rẹ̀ á tò gbọọrọ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ẹsẹ̀ wa ló ń ṣe é, kì í ṣe orí wa.

Ìyá Àgbà ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Tema ló ń gbé, a sì ń pè é ní Ìyá Tema. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá á gbé fóònù sí Ìyá Àgbà létí, Ìyá Àgbà á sì máa pariwo bíi pé ohùn rẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Tema. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Ọmọ tó máa ń fi mọ́tò gbé Ìyá Tema wá ti kó lọ sí Kumasi. Ìyá Àgbà náà ti ṣubú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú trotro, bọ́ọ̀sì akérò, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Àfi bó ṣe di ọdún tí mò ń sọ yìí, tí Ìyá Tema sọ̀rọ̀ kan lórí fóònù tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ń ṣú o. Ó ti di funfun bí omi ìrẹsì. Dókítà ní ibi tó dé yìí, kò sí àtúnṣe. Bó o bá fẹ́ kí n tún rí ọ, tètè máa bọ̀, torí láìpẹ́ ohùn rẹ nìkan ló máa kù fún mi." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kò wọ takisí. Bàbá mi náà bi í. Ó ní òun á háyà takisí fún wọn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò ní gbé ẹsẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. "Àkànní, èmi? Kí n háyà mọ́tò lọ kí ọmọ ìyá mi? Gbogbo ìgbà tí òun wá kí mi, mọ́tò ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló gbé e wá. Mọ́tò ọmọ tèmi náà ni n óò bá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n óò jókòó síbí." Bàbá ní, "Ìyá mi, ẹ rántí ojú wọn o." Ó ní, "Mo rántí. Ìwọ ni kó o tètè." Olórí kunkun ni ìyá àgbà wa, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n fi bò. Mo ti wá dàgbà, mo sì ti rí i pé èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Bàbá mi ń ta ìṣó àti àgádágodo ní àdúgbò Circle. Ọdún náà gan-an ni àjọ rẹ̀ bọ́ sí i, ló bá ní òun máa ra mọ́tò. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ilé wa dàrú. Múrí kò sùn. Màmá ń fi orin din àkàrà. Èmi ń bú àwọn ọmọ àdúgbò tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní jókòó níwájú. Kojo, fítà tó máa ń tún ẹ̀rọ àwọn èèyàn ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ló sọ fún un pé iléeṣẹ́ kan wà ní Tema tí ń yá àwọn àlejò ní mọ́tò, pé bí wọ́n bá ti lo mọ́tò fún ọdún mélòó kan, wọ́n á tà á, wọ́n á ra tuntun. Kojo ti yẹ ọ̀kan wò, ẹ̀rọ rẹ̀ dára. Bàbá kò sọ fún Ìyá Àgbà pé mọ́tò háyà ni. Ó kàn ní, "Ìyá mi, mo ti rí ọ̀kan." Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rà á, Múrí wà ní ilé kéwú, Ìyá Àgbà sì ní kí wọ́n mú mi dání. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ ire ni mí, pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni òun ta odidi ìgàn aṣọ mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo wọ sálúbàtà pupa tí wọ́n rà fún mi nígbà Iléyá, mo sì gbé àyà síwájú bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sanwó.

Mọ́tò tí mo rí nínú ọgbà náà lé ní ogún, gbogbo wọn mọ́ fínnífínní, wọ́n tò bí ọmọléèwé. Tiwa jẹ́ aláwọ̀ eérú, kò ga, kò sì gùn jù. Mo pè é ní tiwa kí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì, Mísítà Ebo, ṣí i fún wa. Bàbá àti Kojo tẹ orí wọn bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lódì kejì. Òórùn ọṣẹ kan jáde sí mi nímú, tí n kò tíì tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àga rẹ̀ rọ̀. Mo bọ́ sálúbàtà mi méjèèjì, mo tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, mo gun inú rẹ̀, mo sì ti ìlẹ̀kùn dè. Mo rí iyanrìn òkun díẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ àga, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ irun ọmọdé kan tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ tó ni ín, ibi tó ti wá, bóyá òun náà jókòó síbi tí mo jókòó sí, tó ń wo òkun. Inú mi dùn débi pé mo ń fi ìdí fò lórí àga. Ìlú mélòó ni mọ́tò yìí ti rí? Tiwa ló wá já sí. Nígbà tí Bàbá pè mí, ẹnu ìlẹ̀kùn kejì, tó súnmọ́ ọn, ni mo gbà jáde.

Àṣé wọ́n ti ń ná an. Iye rẹ̀ wà lórí pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bàbá pe iye tí kò tó ìdajì. Mísítà Ebo rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan pépà. Bàbá fi díẹ̀ lé e. Mísítà Ebo tún fọwọ́ kan pépà. Òógùn ti bo Kojo. Ó rọra sọ pé, "Alhaji, wọn kì í ná an níbí o." Bàbá kò lọ sí Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ ti tó fún àwọn ará Accra láti sọ ọ́ di Alhaji. Ó ní, "Kò sí ọjà tí wọn kì í ná, Kojo. Àfi èyí tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀ ọ́n tà." Ojú rẹ̀ tàn. Mo mọ ohun tó kàn. Ìyá Àgbà ló kọ́ ọ, nídìí aṣọ ní Makola, ó sì ti kọ́ àwa ọmọ náà: bí ọjà bá ti dé ibi tí ẹnu ò ṣe é mọ́, ẹsẹ̀ ni kó o fi ná an. Máa lọ. Má sáré, torí ẹni tó sáré ti bínú. Má wẹ̀yìn, torí ẹni tó wẹ̀yìn ti rà á. Wọ́n á pè ọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má dáhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, má dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kó o yíjú padà, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú.

Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú. "Ó yá, Síkírá, à ń lọ." Mo ní, "Bàbá, bàtà mi…" Ó ní, "Má wẹ̀yìn." A jáde ní géètì, a bọ́ sórí títì, ní ọ̀sán gangan, ní Tema! Gbogbo ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀dà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mò ń jó láìsí ìlù. Bàbá ń rìn bí ọba, ó ń dúró díẹ̀, ó ń wo igi, ó ń wo ilé, kò wẹ̀yìn. Kojo ń tẹ̀lé wa lókèèrè, ó ń mi orí. Kò sẹ́ni tó pè wá. A rìn kọjá ilé kìíní, kò sẹ́ni tó pè wá. A rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, mo gbọ́ tí èémí Bàbá yí padà. Ó wá yé mi, ọmọdé ni mí lóòótọ́, pé nínú ọgbà yẹn, ẹni tó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Bàbá kò sì lè yíjú padà. Ẹni tí wọn ò pè, tó padà, iye yòówù tí wọ́n bá sọ ló máa san, ojú á sì tún tì í. Mo ro ojú Ìyá Tema. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì mọ̀ bóyá ti ẹsẹ̀ ni tàbí ti mọ́tò.

"Alhaji!" Ọwọ́ Bàbá le mọ́ tèmi. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́!" Ẹ̀rín ti bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń rìn lọ. "Alhaji, ẹ dúró ná!" Ìgbà náà ló wá rọra yíjú padà, ó ṣe ojú bí ẹni tó ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ. Mísítà Ebo ló ń sáré bọ̀, táì rẹ̀ ti fò sórí èjìká, ó sì gbé sálúbàtà pupa méjèèjì sókè. Ó ní, "Ọmọ yín gbàgbé bàtà rẹ̀." Bàbá wo bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbà.

"Síkírá! Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?"

"Mo wọ mọ́tò ni, Bàbá."

"Wọ́n máa ń bọ́ bàtà wọ mọ́tò ni?"

Mo ní, "Ṣebí tiwa ni. Ìyá Àgbà ní bàtà kì í wọlé."

Mísítà Ebo béèrè ohun tí mo sọ, Kojo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Twi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alhaji, gbogbo ọdún tí mọ́tò yẹn fi sá kiri Ghana, wọ́n ti bì sínú rẹ̀, wọ́n ti da ọtí sínú rẹ̀, kò tíì sí ẹnì kan tó bọ́ bàtà fún un." Bàbá mi kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ tún padé. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti pè padà, ó ti padà nìyẹn," ó sì dojú kọ géètì. Mísítà Ebo ní, "Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ò lè dín o, ọ̀gá mi ló lẹ pépà yẹn." Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Alajo ṣe máa ń nawọ́ sí Màmá mi lẹ́nu géètì. "Ó dáa. To so!" Ha! Ẹ bá rí ojú ọkùnrin náà. Ó ní ẹja ni ìyá òun ń tà nílé, pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọjà. Wọ́n fi èènì sí i fún wa lóòótọ́: epo kún táǹkì, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́rin sílẹ̀ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi kí n tó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé e sórí itan.

A dé Alajo ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá sì ń fọn fèrè láti orí kọ́nà. Màmá jó jáde ti òun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Awo Dede pa rédíò rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Wọ́n da omi tútù sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní ẹ̀rọ̀ ni o, ẹ̀rọ̀ ni, Awo Dede náà fi èdè Gà gbàdúrà tirẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ kàn án, mò ń lé wọn. Ìyá Àgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó ń fọwọ́ ra á bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò. Ojú aláṣọ ni ojú rẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n bá ti tú òwú kúrò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti ṣí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, tí àmì lẹ́tà ṣì ń dán lára ọ̀dà. "Múrí, kí ni wọ́n kọ síbí tẹ́lẹ̀?" Múrí aláìgbọ́n, tó fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀wé, kà á sókè ketekete: "Mọ́tò yíyá."

Ìyá Àgbà yíjú sí Bàbá. "Àkànní, mo ní n kò wọ háyà, o wá lọ ra háyà wálé fún mi?" Bàbá ní, "Ìyá mi, kì í ṣe háyà mọ́. Mo ti sanwó rẹ̀, tiwa ni." Ó ní, "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Gbogbo ayé ló ti jókòó síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n mọ́ ọmọ mi?" Ó padà sórí àga rẹ̀. Bàbá mi ń fi etí agbádá rẹ̀ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mọ́tò fi wà nílẹ̀ tí kò lọ sí Tema. Kì í ṣe pé a ò gbádùn rẹ̀ o. Bàbá gbé wa yí Alajo ká, a dé Kotobabi, Màmá fi í gbé ẹ̀wà láti ọjà, èmi sì ń juwọ́ sí ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀. Àmọ́ bí a bá ti wọlé, tí a rí ìyá arúgbó yẹn lábẹ́ máńgòrò, ẹnu wa á wọlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé, fóònù dún. Ìyá Tema ní, "Àbẹ̀kẹ́, lánàá, ọmọ kan dúró níwájú mi, àga ni mo pè é." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá rántí ọjọ́ náà nísinsìnyí, ó máa ń dà bíi pé kí n dì í mọ́ra. Ọmọdé kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe agídí lè máa sunkún nínú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mò ń gbálẹ̀, ó pè mí. "Síkírá, wọ́n ní o bọ́ bàtà fún mọ́tò háyà ní Tema."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé tiwa ni, mà."

"Nígbà yẹn, ṣé bàbá rẹ ti sanwó?"

"Rárá, mà. Wọ́n ṣì ń ná an."

Ìyá Àgbà wò mí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó fi ní láti di ọ̀pá mú. "Ẹ gbà mí! Wọn ò tíì sanwó, ó ti wọlé!" Ó fi etí ìró nu ojú. Ó wo mọ́tò fún ìgbà pípẹ́. "Ibi tí èèyàn bá ti bọ́ bàtà ni ilé rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, àbí èmi kọ́? Lọ pe bàbá rẹ. Sọ fún un pé Tema ni à ń lọ, kó má jẹ́ kí oòrùn mú."

Ẹ ò rí bí a ṣe sáré! Màmá pa iná lábẹ́ agbada níṣojú oníbàárà, ó da àkàrà gbígbóná sínú kúlà, ó ní ẹ̀bùn Ìyá Tema ni. Ìyá Àgbà wọ àrán, ó dé ẹnu ìlẹ̀kùn iwájú, ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó fi ọ̀pá tì wọ́n kí wọ́n tò dáadáa, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé bí ẹni tó fẹ́ kírun. Bàbá rí i, ó bọ́ tirẹ̀. Màmá bọ́ tirẹ̀. Múrí bọ́ tirẹ̀. Èmi bọ́ tèmi, mo gbé e sórí itan, torí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. À ń lọ! Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, Ìyá Àgbà ń ka ohun tó ń rí bí ọmọ kékeré: ilé tuntun, afárá tuntun, ẹ wo iye mọ́tò tó wà láyé! Fóònù Bàbá ń dún, ó ń dún ṣáá. Màmá ní kó gbé e. Bàbá ní, "Ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í gbé fóònù." Fóònù dún dé Tema.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Tema gan-an, níbi tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì funfun sí. Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Ilẹ̀ ń jó! Bàtà mi dà?" Bàbá wo abẹ́ àga. Màmá wo ẹ̀yìn. Múrí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí bàtà kankan nínú mọ́tò yẹn àfi sálúbàtà pupa tó wà lórí itan mi. Gbogbo rẹ̀ wà ní Alajo, ó tò gbọọrọ sílẹ̀ níbi tí mọ́tò ti ṣí kúrò. Fóònù tún dún, Bàbá gbé e báyìí, ohùn Awo Dede sì bú jáde: "Anago! Mo jáde, mo rí bàtà mẹ́jọ, n kò rí èèyàn! Mo rò pé Jésù ti dé, pé ó kó ẹ̀yin Mùsùlùmí lọ, ó sì fi èmi sílẹ̀!" Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Inú ariwo yẹn ni Ìyá Tema ti jáde, ó ń fọwọ́ ra ògiri bọ̀. Ó ti gbẹ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ń wá kiri lókè, níbi tí orí wa wà, kò sì rí nǹkan kan mú. Ó wá gbé ojú náà wálẹ̀, ó dúró.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàtà rẹ dà?"

Ìyá Àgbà gbàgbé pé ilẹ̀ ń jó òun. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní, bàtà rẹ dà? Mo rí nǹkan dúdú méjì lórí sìmẹ́ńtì, ó ń jó pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹni tó jí adìyẹ. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ rẹ, kí ni?"

Ìyá Àgbà mi, tí n kò rí omi ẹkún lójú rẹ̀ rí, sunkún sókè gbangba níwájú ọmọ àti àlejò. "Wọ́n rí mi! Ẹ̀gbọ́n mi rí ẹsẹ̀ mi o!" Ó dì mọ́ ọn, ọ̀pá rẹ̀ ṣubú. Ọyẹ́ ọdún náà kò bá ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́ lójú Ìyá Tema. Mọ́tò yẹn ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé-Sátidé, ẹsẹ̀ yẹn ló sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá, pé ká ní ó wọ bàtà funfun rẹ̀ wá sí Tema lọ́jọ́ náà ni, dúdú yẹn ì bá sọnù mọ́ òun lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, lójú ẹsẹ̀ náà, ó kàn fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ tì wọ́n síwájú.

"Wọ tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀, mo ti…"

"Mo ní kó o wọ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́."

Ìyá Àgbà wọ̀ ọ́. Mo lóṣòó sílẹ̀ kí n lè rí i dáadáa.

"Ṣé ó fún ọ lẹ́sẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ó ṣo ọ́?"

Ìyá Àgbà wo mọ́tò, ó wo bàbá mi tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbóná láìwọ bàtà, ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú bàtà ọmọ ìyá rẹ̀.

"Rẹ́múrẹ́mú ni, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Rẹ́múrẹ́mú ni."